Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi lónìí pé òun mọ bàbá àti ìyá òun tinú-tẹ̀yìn, n kì í bá a jiyàn. Mo kàn máa ń wò ó ni. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, títí di ọdún tí bàbá mi fẹ́ ra ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Ìkẹ́nnẹ́ la sì ń gbé, nínú ilé kan tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn kò tíì pẹ́ tó la ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Àmọ́ nínú ọgbà tiwa, obì là ń gbọ́. Láàárọ̀, kí n tó la ojú, mo ti ń gbọ́ ìró agbọ̀n obì tí wọ́n ń mì nínú omi, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, àti ohùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń bá èyí tí kòkòrò ti wọ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Àwa ọmọ márùn-ún là ń bó awọ funfun ara obì náà kí a tó lọ sílé ìwé. Ìyá Àgbà a ṣà á, ìyá mi a dì í sínú ewé, á sì bá ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí ọjà Ṣàgámù. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn obì tútù, mo máa ń wo ìka mi bóyá ó ti tún pọ́n.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ga, ó tínrín, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, ó sì kórìíra irọ́ ju bó ṣe kórìíra olè lọ. Ní ìparí sáà kan lọ́dún náà, Dékúnlé ẹ̀gbọ́n mi, tí í ṣe àkọ́bí wa, gbé káàdì rẹ̀ wálé pẹ̀lú ipò kejì. Ipò kejìlá ló gbà. Ó fi réésà pa oókan tó wà níwájú eéjì rẹ́. Bàbá mi gbé káàdì náà sókè sí oòrùn, ó rí ibi tí réésà ti ha bébà, ó sì nà án títí Ìyá Àgbà fi bọ́ sí àárín wọn. Irú èèyàn tí bàbá mi jẹ́ nìyẹn, a sì ń fi í yangàn. Ohun mìíràn tí a tún fi ń yangàn ni pé ó mọ ọkọ̀ wà. Kò ní ọkọ̀ rí o, àmọ́ láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà nínú àpótí onírin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Bí àlejò bá dé, Ìyá Àgbà a ní, "Ọkọ̀ nìkan ló kù. Ọmọ mi ti gba ìwé rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n."

Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ọkọ̀ náà kò pọ̀. Apá kan jẹ́ èyí tí bàbá mi ti ń fi pamọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, apá kan jẹ́ èrè obì ìyá mi. Píjò ni gbogbo ayé ń wá nígbà náà, torí náà èyí tó ti gbó pàápàá ga ju ọwọ́ wa lọ. Ni bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ní Sátidé Sátidé, èmi lẹ́yìn rẹ̀, torí èmi ló ń gbé òòfà. Irin kékeré tó ń fa irin mọ́ra ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé ni bàbá mi ti mú un. Bí a bá ti dé ìdí ọkọ̀ kan, bàbá mi a ní kí n máa fi òòfà náà kan ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́, irin ni; ibi tó bá ti jábọ́, wọ́n ti fi nǹkan dí ihò níbẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà. Bọ̀ọ̀dá Ràúfù, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wa, ló ń wo ẹ́ńjìnnì. Á fi ọ́ìlì pa ìka méjì, á gbóòórùn rẹ̀, á sì dákẹ́ bíi dókítà. Ní Ìsarà, a rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tó ń dán bíi dígí. Òòfà mi jábọ́ níbi mẹ́rin lára ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ní Simawa, a rí òmíràn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọrin, àmọ́ nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Ràúfù ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, koríko ni mo rí. Koríko tútù, nínú ọkọ̀. Mo pariwo. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ tijú. Ó ní atẹ́gùn ló ń gba ibẹ̀ wọlé, pé ó dára nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ṣàgámù la ti rí ẹ̀kẹta, nínú ọgbà òyìnbó kan tó wà lára àwọn ẹnjiníà tó wá ṣe títì. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ó fẹ́ padà sílé. Láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbé ọkọ̀ náà wá, n kò sì rí irú rẹ̀ rí. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí obì tó gbó. Imú rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, òrùlé rẹ̀ sì dà wálẹ̀ sẹ́yìn bí ẹ̀yìn ẹja. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà ju ọmọ méjì lọ, àfi kí wọ́n ká orúnkún mọ́ àyà. Èyí tó wá burú jù ni pé apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, bíi ti ìgbà tí gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ wa ṣì ń gba apá òsì ọ̀nà. Abájọ tí owó rẹ̀ kò fi tó ti ọkọ̀ oníkoríko Simawa. Àmọ́ òòfà mi kò jábọ́ níbì kankan. Ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ bí oyin. Òyìnbó náà sì ní ìwé kékeré kan tó kọ gbogbo àtúnṣe tó ti ṣe sí i sí, bàbá mi sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìdúró.

"Tíṣà, ọkọ̀ yìí dára," Bọ̀ọ̀dá Ràúfù ní, "àmọ́ kì í ṣe fún yín. Bí nǹkan kan bá kán lára rẹ̀ lọ́la, ibo la ti fẹ́ rí òmíràn rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú ra wàhálà."

Ìyá mi ti ọjà wá bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ òyìnbó, ó sì jókòó sídìí sítíárìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Ni mo bá gbọ́ tó bi òyìnbó náà ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá jíà kejì kì í ké bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná. Òyìnbó náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní lóòótọ́ ni, ó máa ń ké díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ràúfù yí ojú sí bàbá mi. Bàbá mi gbọ́n èjìká rẹ̀. "Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wọ̀ lójoojúmọ́," ó ní. "Lẹ́nu àwọn dírẹ́bà ló ti ń gbọ́ ọ."

Ìkọ́kọrẹ́ ni Ìyá Àgbà sè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹja gbígbẹ ńláńlá wà nínú rẹ̀, àmọ́ àwa ọmọ kò jà lé ẹja lórí, torí a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà kò fi èdè Rẹ́mọ sílẹ̀ títí tó fi kú. Bí mo bá kọ ohun tó sọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ tèmi kò ní gbọ́ ìdajì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún un sọ. "Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú ilé yìí," ó ní. "Ilẹ̀kùn méjì. Ṣé ojú fèrèsé lèmi máa gbà wọlé?" Bàbá mi ní, "Màmá, irin rẹ̀ pé, ẹ̀rọ rẹ̀ pé, owó wa sì ká a. Èyí tí gbogbo èèyàn ń wá, a ò lè rà á. Èyí tí kò sẹ́ni tó ń wá ni ká yẹ̀ wò dáadáa." Ìyá Àgbà ní bí kò bá sẹ́ni tó ń wá nǹkan, a jẹ́ pé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀. Bàbá mi wá yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Dékúnlé, kí lo wí?" Ìyá mi ń fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ rà á," ó ní. Ìyá Àgbà la ẹnu sílẹ̀. Ìyá mi ló yẹ kó sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni kí wọ́n rà! "Ibo lo fẹ́ kó obì sí?" Ìyá Àgbà bi í. "Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ń ká wálẹ̀, Màmá. Bí a bá ká a, ó gba agbọ̀n mẹ́ta." N kò rántí pé ẹnikẹ́ni ká ìjókòó yẹn níwájú wa. Mo fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà lórí oúnjẹ nílé wa.

Sátidé tó tẹ̀ lé e la lọ gbà á. Bọ̀ọ̀dá Ràúfù ní òun kò ní fọwọ́ sí i, kò sì bá wa lọ. Bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó yọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ nínú àpótí, ó fi í sápò àyà. Nígbà tí a dé ọ̀hún, àpótí òyìnbó náà ti wà nínú takisí tó máa gbé e lọ sí Ìkẹjà, ọlọ́dẹ sì ń retí ká jáde kó lè ti ọgbà. Wọ́n buwọ́ lùwé, òyìnbó náà gbé kọ́kọ́rọ́ fún bàbá mi, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, takisí rẹ̀ sì lọ. Mo wọ ẹ̀yìn, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Ìyá mi jókòó sápá òsì, bàbá mi bọ́ sídìí sítíárìn. Ẹ́ńjìnnì náà bú bíi kìnnìún. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì kú. Bàbá mi tún ṣí i. Ó tún fò, ó tún kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sáré lọ tààrà sí ara ògiri, mo rí ògiri náà tó ń bọ̀, mo di ojú mi. Ohun tí mo gbọ́ ni gààà! Ọwọ́ ìyá mi ti lọ sísàlẹ̀, ó ti fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Nígbà tí mo lajú, imú ọkọ̀ náà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ara ògiri. Òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà lẹ̀ mọ́ bàbá mi lẹ́yìn. Mo ń retí kó sọ pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Ó kàn gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn.

"Bàbá Dékúnlé," ìyá mi ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ kí ọlọ́dẹ má bàa gbọ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ìjókòó."

"Ká pààrọ̀ báwo?"

"Kí ẹ bọ́ síbí, kí n bọ́ sọ́hùn-ún."

Wọ́n pààrọ̀, ìyá mi sì bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ó so ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó jókòó, ó fi ìka kan tún dígí òkè ṣe títí ojú rẹ̀ fi pàdé ojú mi nínú rẹ̀. Mo rò pé orí ìyá mi ti dàrú, pé a fẹ́ kú nínú ọgbà òyìnbó. Ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó yí, ó gba ẹnu géètì kọjá, ó bọ́ sí títì. Kò fò. Kò kú. Ìyá mi, tí mo mọ̀ mọ́ obì àti agbọ̀n, ń yí jíà bí ẹni ń ro ọkà. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bí ẹni pé wọ́n ti gbé obìnrin mìíràn jókòó síbẹ̀. Bàbá mi náà ń wò ó. Ní ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, a bá ọkọ̀ agbépákó kan tó ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. "Ẹ bá mi wo iwájú," ìyá mi ní, "n ò rí ọ̀nà láti apá ibí." Bàbá mi ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá Dékúnlé, ṣé ọ̀nà mọ́?" Ó yọ orí síta. "Ó mọ́," ó ní, ìyá mi sì ya ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Bí a ṣe rìn síwájú díẹ̀, bàbá mi ní kó dúró. Ó dúró lábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá òyìnbó tí mo bá tọ́mọ ní Ìbàdàn kí ẹ tó fẹ́ mi. Apá rẹ̀ dá, kò sí ẹni tó máa gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ó jókòó tì mí, ó kọ́ mi. Ọkọ̀ tirẹ̀ náà, ilẹ̀kùn méjì ló ní."

"Ọdún mẹ́rìnlá la ti fẹ́ra. O ò sọ."

"Ìyá mi ló ní kí n má sọ. Ó ní kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń gùn, kí n má ṣe bí ẹni tó ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ wá sọ nílé wa pé ẹ mọ ọkọ̀ wà, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Bàbá mi ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń rìn lọ níwájú wa lójú títì, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi rìn délé. Ó lọ jìnnà díẹ̀, ó dúró, ó padà. Ó yọ láísẹ́ǹsì náà nínú àpò, ó nà án sí ìyá mi láti ojú fèrèsé. "N kò wa ọkọ̀ rí láyé mi," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló bá mi gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan. Mo ní n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á bó bá yá. Kó tó yá, mo ti gbé e dé ilé yín. Bàbá rẹ mú un lọ́wọ́, ó kà á, ó ní ẹni tó bá ní irú ìwé yìí, ebi kò ní pa ọmọ òun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á mọ́ láti sọ òótọ́."

Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Háà! Bàbá Dékúnlé! Ẹ̀yin?" Ó wo ìwé náà, ó wo bàbá mi. "Ẹ̀yin tí ẹ na Dékúnlé!" N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí nínú ìjókòó kékeré yẹn. Ó dà bí ẹni pé mo fi òòfà kan ara bàbá mi, òòfà náà sì jábọ́. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti fẹ́ ọkọ, mo ti sin ín, mo sì mọ̀ pé èèyàn lè fi irọ́ kan ṣoṣo gbé òótọ́ púpọ̀ ró. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ ìyẹn. Ẹkún ni mo bú sí. Ìyá mi nawọ́ sẹ́yìn, ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Ẹ wọlé," ó sọ fún bàbá mi. "Wọ́n á ti máa retí wa."

Gbogbo àdúgbò ló ti tò sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Bí wọ́n ṣe rí bàbá mi lápá òsì, níbi tí gbogbo dírẹ́bà máa ń jókòó sí, wọ́n hó yèè. "Tíṣà! Tíṣà! Ẹ kú orí ire o!" Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n ń lu ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá Àgbà dìde lórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ obì lọ́wọ́, ó ń kì í ní oríkì. Kò sí ẹni tó tíì wo apá ọ̀tún. Ìyá mi pa ẹ́ńjìnnì, ó sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo iwájú. Mo rí i pé bàbá mi mọ̀ pé bí òun bá kàn rẹ́rìn-ín, tí òun sì juwọ́, wọ́n á gbà pé òun ló wà á, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe níwájú ilé ìwé, gbogbo wọn sì dákẹ́.

"Kì í ṣe èmi ni mo wà á," ó ní. "Ìyàwó mi ni. Èmi kò mọ ọkọ̀ wà. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Obì tú kalẹ̀ láti inú àtẹ Ìyá Àgbà, ó yí lọ sábẹ́ ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Bọ̀ọ̀dá Ràúfù, tó ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti wá fi wá ṣẹ̀sín, dúró sójú kan, ó ń wo ìyá mi tó ń jáde lápá ọ̀tún láìwọ bàtà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ni, ó dákẹ́. Ìyá Àgbà bi bàbá mi pé, "Ìwé tó wà nínú àpótí ńkọ́?" Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ìdáhùn tó fún un nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe Dékúnlé sí yàrá. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ní, "Ohun tí mo nà ọ́ fún, èmi náà ṣe é. Má bínú sí mi." Dékúnlé, tí kì í sunkún bí wọ́n bá ń nà án, bú sẹ́kún, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òun ló tún ṣẹ̀. A kò mọ̀ pé bàbá lè bẹ ọmọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, a ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ilé bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan ẹlẹgẹ́ sí lọ́wọ́.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ gba láísẹ́ǹsì tirẹ̀, wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá mi lórí pápá ilé ìwé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán. Wọn kì í lọ tán, wọ́n máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn igi máńgòrò láti wo ọ̀gá wọn. Olùkọ́ líle ni ìyá mi. "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́! Kì í ṣe ejò lẹ fẹ́ pa!" Bàbá mi a ní, "Ó dáa, mà." Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò láísẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, ó yege. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ṣàgámù ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó fi ìwé náà han Ìyá Àgbà, ó fi han Dékúnlé, ó sì fi í sínú àpótí. Ìyá mi ti ń bọ́ sápá òsì ọkọ̀, kí bàbá mi lè gbé e jáde. Àmọ́ bàbá mi ju kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Máa wà á," ó ní. "Èmi á máa bá ọ wo ọ̀nà."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọn kò pe ẹnì kankan nínú wa. A sáré tẹ̀ lé wọn dé ìkóríta. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé, erùpẹ̀ pupa ti bo imú ọkọ̀ náà dé ojú dígí, ìyá mi ti tú gèlè, òun àti bàbá mi sì ń rẹ́rìn-ín tí wọn kò lè dá a dúró. Ìyá Àgbà bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n lọ. Àwa náà bi wọ́n, lọ́jọ́ náà àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kú báyìí, n kò sì tíì mọ̀.